Maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ìyá àgbà mi ti há, tábìlì rẹ̀ sì ń ṣí: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà aránṣọ. Ìyá ìyá mi fi maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kan sílẹ̀ fún mi. Singer dúdú ni, ó ní àwòrán aláwọ̀ wúrà lára, tábìlì onígi rẹ̀ sì ní dúróà méje. Òun ni wọ́n fi tọ́ màmá mi àtàwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́rin. Látìgbà tí ojú wọn kò ti ríran dáadáa mọ́ ni wọ́n ti gbé e sí yàrá ẹ̀yìn, ibẹ̀ náà ló wà títí wọ́n fi lọ.

Ní báyìí, wíìlì ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò yí rárá. Orí tábìlì ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà níbi tí òjò ti máa ń jò sí i. Arákùnrin kan tó ń ra irin àlòkù ti wá lẹ́ẹ̀mejì. Ó fẹ́ san 8.000 sẹ́fà, ó ní ẹsẹ̀ irin rẹ̀ nìkan lòun fẹ́, òun máa fi gbé tábìlì ilé oúnjẹ kan dúró. Mi ò tà á. Mo fẹ́ kó máa ránṣọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Aláàtúnṣe Wàndó

Àbúrò, o ṣeun tí o kò tà á. Má fi agídí yí wíìlì yẹn, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù kàn án. Ó ṣọ̀wọ́n kí irú maṣíìnì bẹ́ẹ̀ bàjẹ́ tán. Òróró tí ìyá àgbà rọ sí i kẹ́yìn ló ti dì bí oje igi, tó wá so àwọn irin inú rẹ̀ pọ̀. Ohun tó dì, a lè yọ́ ọ.

Kí o tó ṣe ohunkóhun, wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin pẹlẹbẹ ìsàlẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún, nítòsí wíìlì. Bí kò bá sí lẹ́tà níwájú nọ́ńbà náà, ó ti wà ṣáájú 1900. Bí Y bá wà níwájú rẹ̀, ilé iṣẹ́ Clydebank ní Scotland ló ṣe é, láàárín àwọn ọdún 1920 sí àárín àwọn ọdún 1930. Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà méjì tí E ṣáájú, bí EA tàbí EE, ibẹ̀ náà ló ti wá, ṣùgbọ́n láti 1935 síwájú ni. Àwọn ti Clydebank ni mo máa ń rí jù lórí tábìlì mi. Kilbowie ni orúkọ àdúgbò tí ilé iṣẹ́ náà wà, ìdí nìyẹn tí K fi máa ń tẹ̀lé nọ́ńbà irú maṣíìnì bẹ́ẹ̀: 15K, 66K, 99K, 201K. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ yẹn pa ní 1980.

Sọ lẹ́tà tí o rí fún wa, kí o sì sọ bí bọ́bìn rẹ̀ ṣe rí. Ìyẹn ló máa sọ irú ìtọ́jú tó yẹ ẹ́.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Y ni o. Irin pẹlẹbẹ méjì tó ń dán wà níwájú àti lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, mo fa ti iwájú, ó yọ̀ bí ìdérí. Ohun kan bí ọta ìbọn ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bọ́bìn inú rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, òwú funfun ìyá àgbà ṣì wà lára rẹ̀.

Àwòrán ara rẹ̀ yà mí lẹ́nu nígbà tí mo nu eruku kúrò. Mo rò pé òdòdó ni. Ẹranko ni, ó ní ara kìnnìún, ìyẹ́, àti ojú obìnrin.

Bàbá Télọ̀ Kétu

Ọmọ mi, ìran 27 nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ọwọ́ ara mi, òun ni mo fi kọ́ṣẹ́ nílé ọ̀gá mi kí n tó gba dípílọ́ọ̀mù. Ẹranko tí o rí yẹn, ti ilẹ̀ Íjíbítì ni. Ohun tí o pè ní ọta ìbọn yẹn, ọkọ̀ ni, bí ọkọ̀ àwọn awunṣọ ṣe ń sáré lọ sáré bọ̀ láàárín òwú náà ló ṣe ń ṣe. Dì í sínú aṣọ kí o sì tọ́jú rẹ̀ bí ojú. Bí o bá sọ ọkọ̀ náà nù, o máa rìn títí kí o tó rí òmíràn tó bá a mu, torí bọ́bìn róbótó tó kún ọjà kò lè wọ inú rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń wá irú rẹ̀ rà lọ́jà, ẹ fa ìdérí yẹn kí ẹ tó yọ owó. Bí ọkọ̀ kò bá sí níbẹ̀, ẹ dá owó náà sí méjì, kí ẹ fún un ní ìdajì.

Ohun tí mo fẹ́ kìlọ̀ fún ọ rèé, torí ó dùn mí títí dòní. Mo ra irú rẹ̀ gan-an lọ́wọ́ opó kan, ó lẹ́wà ju gbogbo èyí tí mo ti rí lọ. Ó dọ̀tí. Mo rọ sódábì sí àkísà funfun kan, mo nù ún lẹ́ẹ̀kan, láti òsì sí ọ̀tún. Nígbà tí mo wo àkísà náà, mo rí ojú obìnrin yẹn lára rẹ̀, aláwọ̀ wúrà. Lórí maṣíìnì, orí ti lọ, ìyẹ́ àti ìrù ló kù. Ṣẹ́láákì ni wọ́n fi bo àwòrán wọ̀nyẹn kí ó má bàa ṣí, ọtí sì máa ń yọ́ ṣẹ́láákì. Sódábì, ògógóró, alikóòlù ilé egbòogi, lọ́fínńdà, má jẹ́ kí ọ̀kankan nínú wọn kan ojú wúrà náà. Òróró maṣíìnì nìkan ni kí o fi nù ún, pẹ̀lú aṣọ rírọ̀, díẹ̀díẹ̀, kí o máa wo aṣọ náà bí o ti ń nù. Bí o bá rí àwọ̀ wúrà lára aṣọ, dúró.

Ọmọ Pọ́bẹ̀

Bàbá, ẹ ṣeun. Sódábì ni mo ń mú lọ́wọ́ láti fi nu tèmi nígbà tí mo ka èyí.

Aláàtúnṣe Wàndó

Ọ̀rọ̀ Bàbá kò ní àfikún. Ẹ jẹ́ kí n wá sórí wíìlì tó há.

Kọ́kọ́ bọ́ bẹ́líìtì awọ kúrò lára rẹ̀. Yọ ọkọ̀ jáde, yọ ìdérí méjèèjì. Yẹ ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wò dáadáa, òwú kékeré kan tó wé mọ́ ibẹ̀ lè dá gbogbo maṣíìnì dúró. Lẹ́yìn náà, ra kẹrosíìnì, èyí tí àwa ń pè ní pẹtiróòlù níbí. Má lo kpayo o, epo mọ́tò tí wọ́n ń tà lójú pópó. Kpayo gbaná kíákíá, kò sì yẹ kí o fi í sínú yàrá. Kán kẹrosíìnì kọ̀ọ̀kan sí gbogbo ihò òróró tó wà lókè, sí ìdí irin abẹ́rẹ́, àti sí gbogbo ibi tí irin méjì ti ń fara kanra nísàlẹ̀. Gbé orí maṣíìnì náà sí oòrùn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, jìnnà sí ààrò àti ẹni tó ń fa sìgá. Irin dúdú máa ń gba oòrùn dáadáa, ooru yẹn á sì máa yọ́ ohun tó dì. Orí maṣíìnì nìkan ni kí ó wà nínú oòrùn. Igi tábìlì kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, fi ọwọ́ méjèèjì di wíìlì mú, kí o mì ín síwájú sẹ́yìn bí ẹní ń ji ọmọ tó sùn. Bí ó bá sún tó ìbú irun, ayọ̀ ti dé. Tún kán an, lọ sùn. Èyí tó pẹ́ jù lọ́wọ́ mi gba ọjọ́ mọ́kànlá. Ọmọ iṣẹ́ mi ti sọ̀rètí nù, ó fẹ́ fi páìpù gùn ún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejìlá, ìyá arúgbó kan tó wá gba aṣọ fọwọ́ kàn án, ó yí.

Nígbà tó bá ti ń yí, iṣẹ́ kò tíì parí. Kẹrosíìnì kì í ṣe òróró. Ó máa ń fọ irin, á sì fi í sílẹ̀ gbẹrẹfu, ìpẹtà á dé. Nu gbogbo rẹ̀ gbẹ, kí o wá rọ òróró maṣíìnì tó mọ́ gaara sí ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán kan tàbí méjì. Mi ò fẹ́ gbọ́ àdí. Mi ò fẹ́ gbọ́ òróró ẹ̀pà. Òróró oúnjẹ ló máa ń dì tó fi ń há. Òróró ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò nínú mọ́tò náà kò dáa, iyanrìn irin wà nínú rẹ̀.

Ìyá Aránṣọ Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Ẹ má bínú sí mi, mo ní èrò tó yàtọ̀. Wúrà ara maṣíìnì mi ti lọ kí n tó rà á, ìpẹtà ti bò ó. Mo fún ọmọkùnrin tó ń kun mọ́tò, ó kùn ún ní dúdú tó ń dán, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Òun ni mo fi ń rán aṣọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún àwọn ọmọ agbo wa, aṣọ lórí aṣọ, ìpele mẹ́rin, márùn-ún, kò já òwú. Èmi ò gbé e kalẹ̀ fún àlejò láti wò. Irinṣẹ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ kun tirẹ̀, kó kùn ún.

Aláàtúnṣe Wàndó

Ìyá, ẹ̀tọ́ yín ni, níwọ̀n bí wúrà ti lọ. Ohun tí mò ń bẹ àwọn ènìyàn ni pé kí wọ́n dí ihò òróró pẹ̀lú igi ìtayín kéékèèké kí wọ́n tó kùn ún, kí wọ́n sì yọ gbogbo irin tó ń yí kúrò. Ọ̀pọ̀ èyí tí mò ń gbà tí wọ́n ti kùn, ọ̀dà ti wọ ihò, òróró kò rọ́nà wọlé mọ́, irin sì ń jẹ irin. Bí ó bá sì jẹ́ ti àbúrò wa yìí, tí ojú obìnrin yẹn ṣì wà lódindi, mo bẹ̀ ọ́, má kùn ún.

Ìyá Aránṣọ Kétu

Ti ìyẹn, mo gbà. Èyí tó ṣì ní ojú rẹ̀, kó máa wà bẹ́ẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Àjàṣẹ́

Mo ti ń dúró kí ẹ dé orí igi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tọ́jú irin, wọn a sì fi igi dáná. Ọwọ́ bàbá mi ni mo ti kọ́ṣẹ́, òun náà kọ́ ọ lọ́wọ́ àwọn Àgùdà, àwọn tí baba ńlá wọn padà dé láti Brazil pẹ̀lú iṣẹ́ igi àti iṣẹ́ bíríkì lọ́wọ́. Ẹni tó bá wo iwájú Mọ́sáláṣí Ńlá ìlú wa á mọ irú ọwọ́ tí mò ń sọ.

Ọmọ mi, orí tábìlì rẹ kì í ṣe igi kan ṣoṣo. Igi tó dára, tí wọ́n là fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ni wọ́n lẹ̀ mọ́ orí igi mìíràn tí kò wọ́n. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju mìlímítà kan lọ. Àtè tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, awọ àti egungun ẹran ni wọ́n sè tó fi di àtè. Omi àti ooru máa ń rọ̀ ọ́. Òjò ló jẹ́ kó ṣí, omi díẹ̀ àti ooru díẹ̀ náà la ó fi pa á dé.

Má fa èyí tó ṣí já. Èyí tó bá ti já, bó tilẹ̀ kéré bí èékánná, kó o sínú agolo mílíìkì. Fi ọ̀bẹ tí kò mú bọ abẹ́ rẹ̀, gbá ìdọ̀tí jáde. Wo ohun tó kù níbẹ̀. Bí àtè náà ṣì ń dán bí gíláàsì, ó ṣì wà láàyè: rẹ aṣọ sínú omi, fún un gbẹ dáadáa, tẹ́ ẹ sórí igi, kí o fi áyọ́ọ̀nù tó lọ́wọ́ọ́wọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Gbé aṣọ kúrò, tẹ́ ọ̀rá lé e, pákó pẹrẹsẹ lé ọ̀rá, ọlọ méjì lé pákó. Má ṣí i wò títí di ọjọ́ kejì. Bí àtè náà bá ti di ìyẹ̀fun, ha á kúrò tinútinú, kí o fi síríńjì fa àtè funfun káfíńtà sí abẹ́ rẹ̀, kó kéré, kí o sì gbé ọlọ lé e bákan náà. Má lo àtè tó ń gbá ọwọ́ mú lójú ẹsẹ̀. Bí o bá lẹ̀ ẹ́ wọ́, ó wọ́ náà nìyẹn, ẹni tó bá máa tún un ṣe lẹ́yìn rẹ á ní láti fọ́ igi.

Níbi tí igi ti sọnù pátápátá, mo máa ń gé ọ̀gánwó dí i, kí ìlà igi náà lọ sí ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀. Mi ò kì í gé e ní igun mẹ́rin gbọọrọ. Mo máa ń gé e ṣóńṣó lápá méjèèjì bí ojú, torí ìlà tó gba orí igi kọjá gbọ̀ọ̀rọ̀ ni ojú ènìyàn máa ń tètè rí.

Ọ̀rọ̀ sáńpépà wá kù. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ iṣẹ́, mo fi ẹ̀rọ sáńpépà ha irú tábìlì yìí. Ìṣẹ́jú méjì péré, mo rí igi funfun lábẹ́. Kò sí ohun tó lè dá awọ yẹn padà. Ẹni tó ni tábìlì náà sunkún níwájú bàbá mi, torí ti ìyá rẹ̀ ni. Nítorí náà, kí o tó sọ pé o fẹ́ ha á, ra alikóòlù 90 nílé egbòogi, kán ẹ̀kán kan sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè rí, lábẹ́ etí tábìlì. Níbi igi, alikóòlù yìí wúlò. Bàbá Kétu ti kìlọ̀ nípa ti irin. Bí ibẹ̀ bá ń lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́, ṣẹ́láákì ni wọ́n fi kùn ún. Inú mi dùn sí ìyẹn, torí ṣẹ́láákì àtijọ́ ṣeé yọ́, kí o sì tún un tẹ́ síbi tó wà. Aṣọ tí alikóòlù tutù lára rẹ̀ díẹ̀, ìwọ fi pa á fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, bí ẹní ń pa ìpara sí ọmọ lára. Àwọn ibi tó ti là á sì pa dé. Sódábì kò dáa fún iṣẹ́ yìí náà, omi inú rẹ̀ máa ń sọ ṣẹ́láákì di funfun.

Dúróà tó há lásìkò òjò, má ha á. Ọyẹ́ ń bọ̀, igi á fún. Fi àbẹ́là pa ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí o bá rí ìyẹ̀fun kíkúnná lábẹ́ dúróà àti ihò bí ojú abẹ́rẹ́, kòkòrò ajẹgi wà níbẹ̀: fa oògùn rẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú síríńjì, wọ ìbọ̀wọ́, dí ihò náà pẹ̀lú ìda. Ikán ní tirẹ̀, ògiri ló sábà máa ń bá wá. Fa tábìlì náà kúrò lára ògiri, ìwọ̀n ọwọ́ kan.

Ilé iṣẹ́ Clydebank yẹn ní ọgbà igi tirẹ̀, ńlá. Bọ́ǹbù ilẹ̀ Jámánì jó o ráúráú ní oṣù kẹta ọdún 1941. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí tábìlì tó ti wà ṣáájú ogun yẹn ni mo máa ń rántí, mo sì máa ń fọwọ́ rọra bá a lò.

Bàbá Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ kú ìmọ̀ràn. Ti gbígbé ni tèmi, torí ọkọ̀ ojú irin ni mo fi gbé tèmi láti Kútọ̀nù wá sí Ṣábẹ̀ẹ́, mo sì kọ́ ẹ̀kọ́. Má gbé orí maṣíìnì pọ̀ mọ́ tábìlì lórí sémíjàn, ọ̀kadà tiwa níbí. Orí náà wúwo, ó sì máa ń mì. Ìrin méjì tó dì í mú lẹ́yìn lè fa igi ya, bí ó ti ya tèmi. Yí súkúrù méjì tó wà lábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀, fi ọwọ́ gbá orí náà sẹ́yìn, gbé e jáde. Kí á gbé e lọ́tọ̀, nínú aṣọ.

Bẹ́líìtì awọ, aṣebàtà ló lè gé e fún ọ, kí ó nípọn tó mìlímítà márùn-ún, róbótó. Dì í pẹ̀lú wáyà kékeré, kí o sì lù ú pẹrẹsẹ kó má bàa máa kan irin. Kó má le jù, ẹsẹ̀ rẹ á máa ro ọ́. Kó má sì dẹ̀ jù. Bí ó bá dẹ̀ lásìkò òjò, gé ìwọ̀n èékánná kan kúrò.

Kí o tó fi òwú sí i, yọ bẹ́líìtì kúrò, kí o jókòó, kí o máa tẹ ẹsẹ̀ lásán fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, títí ẹsẹ̀ rẹ fi máa mọ ọ̀nà. Ọ̀dọ̀ ara rẹ ni kí wíìlì máa yí sí. Bí ó bá yí sẹ́yìn, òwú á já.

Ìyá Aránṣọ Kétu

Abẹ́rẹ́: ra èyí tí ọ̀nà kan ìdí rẹ̀ pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń kọ 130/705 tàbí 15x1 sí lára. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ìdí róbótó tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò. Ìlà gígùn kan wà lára abẹ́rẹ́, ẹ̀gbẹ́ ìlà náà ni òwú gbọ́dọ̀ ti wọlé. Bí o bá wọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kejì, kò ní rán rárá, o ó sì rò pé maṣíìnì ló bàjẹ́.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rèé. Ó yí ní ọjọ́ kẹfà, nírọ̀lẹ́, màmá mi ló dì í mú. Orí tábìlì ti lẹ̀, ibì kan ṣoṣo ló kù tí mò ń wá ọ̀gánwó fún. Mo rí bọ́tìnì mẹ́tàlélógún àti ìwọ̀n ọrùn kan tí ìyá àgbà kọ sórí páálí nínú dúróà kẹta, màmá mi ní ti bàbá òun ni.

Ó ń rán, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ aṣọ rí jágbajàgba, òwú ń kó jọ bí ìtẹ́ ẹyẹ. Òkè mọ́ tónítóní. Mo ti dín òwú ọkọ̀ kù, mo ti fi kún un, kò yí padà.

Bàbá Télọ̀ Kétu

Má tún fọwọ́ kan ti ọkọ̀ mọ́. Bí ìsàlẹ̀ bá ń rí jágbajàgba, òwú òkè ló ń fà á. Gbé ẹsẹ̀ maṣíìnì sókè, wo àwo kéékèèké méjì tó ń di òwú mú, yọ òwú òkè, tún un fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o rí i dájú pé ó wọ àárín àwo méjèèjì, kò kàn gbà lórí wọn kọjá. Gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, fà á wò. Ó yẹ kó le díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Kò wọ àárín wọn o, Bàbá. Orí wọn ló ń gbà. Mo ti tún un ṣe, ìsàlẹ̀ ti rí bí òkè. Ìró ìyá àgbà kan tí etí rẹ̀ ti tú ni mò ń rán lọ́wọ́ báyìí, màmá mi jókòó tì mí, ó ń di ìdí aṣọ náà mú fún mi.